Shelly-Ann Fraser-Pryce: ìbéèrè tí àwọn olólùfẹ́ eré sísá máa ń béèrè

Ta ni obìnrin yìí gan-an?

Asáré ọmọ orílẹ̀-èdè Jàmáíkà ni. Wọ́n bí i sí Kingston ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1986. Eré 100 mítà ni iṣẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba wúrà nínú 200 mítà àti rílè náà, ìyẹn eré tí ẹni mẹ́rin ń gbé ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Ìgbà márùn-ún ló gba wúrà 100 mítà ní Ìdíje Àgbáyé: 2009, 2013, 2015, 2019 àti 2022. Kò sẹ́ni tó gbà á tó bẹ́ẹ̀, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Usain Bolt, Carl Lewis àti Maurice Greene, mẹ́ta-mẹ́ta péré ni tiwọn.

Ẹ wo iye ọdún tó wà láàárín wúrà kìíní àti ìkarùn-ún: mẹ́tàlá ni. Àwọn tó yára pọ̀ lágbàáyé. Ẹni tó sá 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 10.73 lọ́mọ ọdún 22, tó wá sá 10.67 lọ́mọ ọdún 35, òun ni kò wọ́pọ̀. Ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí dá lé.

Fraser ni orúkọ rẹ̀ àbí Fraser-Pryce?

Ẹnì kan náà ni. Oṣù Kìíní ọdún 2011 ló fẹ́ Jason Pryce. Tí ẹ bá ń wá èsì Òlíńpíìkì Beijing 2008 tàbí Ìdíje Àgbáyé Berlin 2009, "Fraser" nìkan ni ẹ máa bá níbẹ̀. Ìnagijẹ rẹ̀ ni "Pocket Rocket", rọ́kẹ́ẹ̀tì tó wọ àpò, torí pé gíga rẹ̀ kò ju mítà 1.52 lọ. Nígbà tó bímọ tán, ó ní "Mommy Rocket" ló kù kí wọ́n máa pe òun.

Ṣé lóòótọ́ ni pé inú ìṣẹ́ ló ti jáde?

Lóòótọ́ ni. Waterhouse ni wọ́n ti tọ́ ọ, àdúgbò mẹ̀kúnnù kan ní Kingston tí àwọn jàǹdùkú àti ìbọn ti sọ lórúkọ. Ìyá rẹ̀, Maxine, ń tajà lójú títì kó lè bọ́ ọmọ mẹ́ta, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà sì ni ìyá àtọmọ jọ ń sùn. Ìyá yìí ti sáré rí nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Láti ibẹ̀ ni Shelly-Ann ti wọ iléèwé Wolmer's ti àwọn ọmọbìnrin, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn iléèwé tó lórúkọ jù ní Kingston.

Kí ni "Champs" tí wọ́n máa ń dárúkọ nígbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ asáré Jàmáíkà?

Ìdíje àwọn iléèwé girama ni. Ọdún 1910 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tàwọn ọmọkùnrin. Tàwọn ọmọbìnrin dá wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó pa méjèèjì pọ̀ ní 1999. Oṣù Kẹta ló sábà máa ń wáyé, ní National Stadium ní Kingston, ọjọ́ márùn-ún gbáko. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, nítorí náà ọmọ ọdún 12 kì í bá ọmọ ọdún 18 sá. Pápá máa ń kún fọ́fọ́, tẹlifíṣọ̀n ń gbé e lójú ẹsẹ̀, àwọn kóòṣì àti àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe bàtà eré náà wà ní ìjókòó tí wọ́n ń wo ọmọ tí wọ́n máa mú.

Ohun tí Champs ń ṣe fún ọmọ ni pé kó tó pé ogún ọdún, ó ti mọ bí èèyàn ṣe ń dúró lórí ìlà níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò láìgbọ̀n. Lẹ́yìn Champs ni CARIFTA máa ń tẹ̀ lé e, ìdíje àwọn ọ̀dọ́ gbogbo Kàríbíánì, tó ti wà láti 1972.

Kí ló dé tí kò lọ kàwé ní Amẹ́ríkà bí àwọn yòókù?

Nígbà kan, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: ọmọ Jàmáíkà tó bá yára á gba sìkọ́láṣípù lọ sí yunifásítì Amẹ́ríkà. Wọ́n á máa sá a lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ fún iléèwé, ọ̀pọ̀ wọn sì ń padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti gbó. Ní 1999 ni Stephen Francis àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ MVP sílẹ̀, wọ́n ní àwọn á kọ́ asáré nílé. Asafa Powell, asáré ọkùnrin kan, ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀rí fún wọn, nígbà tó sá 100 mítà ní 9.77 ní 2005.

Shelly-Ann wọ University of Technology ní Kingston, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Francis. Orí pápá koríko ni wọ́n ti ń gbára dì níbẹ̀. Koríko rọ̀ fún egungun ju rọ́bà lọ, ẹsẹ̀ sì ní láti ṣiṣẹ́ púpọ̀ sí i kó tó tì èèyàn síwájú. Kò fi ẹ̀kọ́ ṣeré o: ní 2012 ló gba oyè nípa ìdàgbàsókè àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́.

Wọ́n ní wọ́n fẹ́ gba àyè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2008. Báwo ló ṣe jẹ́?

Ní Jàmáíkà, ẹni mẹ́ta tó bá ṣíwájú nínú ìdíje ìyege ló ń lọ sí Òlíńpíìkì. Ní 2008, Kerron Stewart ló ṣe ìkíní, Shelly-Ann ìkejì, Sherone Simpson ìkẹta. Veronica Campbell-Brown, tí í ṣe olóyè àgbáyé nígbà náà, bọ́ sí ipò kẹrin. Ariwo ta. Àwọn kan ní kí wọ́n yọ ọmọbìnrin ọlọ́dún 21 tí ayé kò tíì mọ̀, kí wọ́n fi àgbà sí i. Wọn ò yọ ọ́.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ, ní Beijing, ó sá 10.78. Simpson àti Stewart jọ dé ní 10.98 gẹ́lẹ́, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní fàdákà, kò sí idẹ. Ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi já wọn sílẹ̀. Nínú àṣekágbá Òlíńpíìkì, gbọọrọ ni ìyẹn. Òun ni obìnrin Kàríbíánì àkọ́kọ́ tó gba wúrà 100 mítà. Ní Òlíńpíìkì 1996, Merlene Ottey ti Jàmáíkà àti Gail Devers ti Amẹ́ríkà jọ sá 10.94, fọ́tò ìlà ni wọ́n fi yanjú rẹ̀, Ottey sì gba fàdákà. Láti ìgbà Shelly-Ann wàyí, Kàríbíánì ló ń gba wúrà yìí ní gbogbo Òlíńpíìkì títí dé Paris 2024: òun lẹ́ẹ̀mejì, Elaine Thompson-Herah lẹ́ẹ̀mejì, Julien Alfred ti Saint Lucia lẹ́ẹ̀kan.

Kí ló kan Nàìjíríà nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ó kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ní Beijing yẹn kan náà, gbogbo ayé gbà pé Jàmáíkà ló ni rílè 4x100. Shelly-Ann sá ẹsẹ̀ kìíní dáadáa, ṣùgbọ́n láàárín Simpson àti Stewart, ìpààrọ̀ ọ̀pá dàrú, Jàmáíkà kò parí eré. Nàìjíríà, tí Oludamola Osayomi wà nínú wọn, gba idẹ. Ní 2016 wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà nítorí oògùn, Bẹ́ljíọ̀mù bọ́ sípò kìíní, idẹ tiwa sì di fàdákà.

Èkejì ni Ìdíje Àgbáyé Moscow 2013, nínú 200 mítà: Shelly-Ann 22.17, Murielle Ahouré ti Côte d'Ivoire 22.32, Blessing Okagbare ti Nàìjíríà náà 22.32. Kámẹ́rà ló ya Ahouré àti Okagbare sọ́tọ̀.

Báwo ni ẹni kúkúrú ṣe ń borí àwọn tó ga?

Ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ká tú u palẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo àṣírí rẹ̀ wà.

Asáré á kọ́kọ́ to búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ìyẹn ohun tó máa fi ẹsẹ̀ tì láti gbéra. Lápapọ̀, ti ẹsẹ̀ iwájú máa ń fi ìwọ̀n bàtà méjì jìnnà sí ìlà, ti ẹ̀yìn á fi tó mẹ́ta. Oníkálukú ló ń tún un ṣe bí ara rẹ̀ bá ṣe rí. Nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n múra, ìdí á lọ sókè díẹ̀ ju èjìká lọ, ìwọ̀n ara á bọ́ sórí ọwọ́. Tí ìbọn bá dún, kì í fò sókè. Ṣe ló ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti búlọ́ọ̀kù sẹ́yìn. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ á ra ilẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ẹni tí bàtà rẹ̀ fẹ́ gbálẹ̀. Orí á wà nílẹ̀, ara á máa nà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró ṣánṣán ní nǹkan bí 30 mítà.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n máa ń gbé orí sókè láti wo ẹni ẹ̀gbẹ́. Orí bá lọ sókè, àyà tẹ̀ lé e, ara dìde kó tó yẹ, eré parí sí 60 mítà. Àwọn mìíràn ń na ẹsẹ̀ jù ní ìgbésẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Ẹsẹ̀ tó bá balẹ̀ níwájú ara, bíréèkì ló di.

Ẹsẹ̀ kúkúrú yára láti yí po, nítorí náà Shelly-Ann máa ń ti ṣíwájú kí ẹni tó ga tó nà tán. Ìyà rẹ̀ wà ní ìdajì kejì, níbi tí ìgbésẹ̀ gígùn ti ń san èrè. Bolt fi nǹkan bí ìgbésẹ̀ 41 parí 100 mítà; tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ tún wo àṣekágbá Ìdíje Àgbáyé Beijing 2015: Dafne Schippers, tí gíga rẹ̀ tó mítà 1.79, ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n ìlà ti dé. 10.76 sí 10.81. Ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni ń yára sí i ní 30 mítà tó kẹ́yìn o. Gbogbo wọn ló ń falẹ̀. Ẹni tó falẹ̀ kéré jù ló dà bíi pé ó ń sáré bọ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń lé asáré kúrò nítorí pé ó ṣíwájú ìbọn?

Ẹ̀rọ wà nínú búlọ́ọ̀kù. Tó bá rí i pé ẹsẹ̀ ti tì í kó tó pé ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn ìbọn, èyíinì 0.100, ó gbà pé ẹni náà kò gbọ́ ìbọn, ó kàn méfò ni. Láti 2010, kò sí ìkìlọ̀ mọ́ nínú eré àgbà. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ jáde. Bolt fúnra rẹ̀ jìyà rẹ̀ ní Daegu 2011.

Kí ni àkókò rẹ̀ tó dára jù, kí sì ni ti afẹ́fẹ́ tí wọ́n máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

10.60 ni, ní Lausanne, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, afẹ́fẹ́ +1.7. Ọmọ ọdún 34 ni nígbà náà, ó sì ti bímọ. Nínú àwọn obìnrin, Florence Griffith-Joyner (10.49) àti Thompson-Herah (10.54) nìkan ló yára jù ú lọ. Ní 200 mítà, 21.79 ni.

Afẹ́fẹ́ tó bá ń ti èèyàn lẹ́yìn ju mítà méjì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọn kì í ka àkókò yẹn mọ́ àkọsílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ipò dúró. Nítorí náà ẹ má fi nọ́ńbà nìkan wé nọ́ńbà. 10.71 rẹ̀ ní Moscow 2013 wáyé pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ń ta kò ó, −0.3. Lójú tiwa, eré yẹn kò kéré sí 10.60 ti Lausanne.

Fún àwọn tó ń béèrè bóyá ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá jẹ́ nǹkan kan: nítòsí ìlà, wọ́n ń sá nǹkan bíi mítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Berlin 2009, ó sá 10.73, Stewart 10.75. Ìdá méjì yẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà ogún, ìwọ̀n láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín nígbà tí ẹ bá ya ọwọ́. Ní London 2012 ó fi ìdá mẹ́ta na Carmelita Jeter, 10.75 sí 10.78: rúlà ọmọ iléèwé kan.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n fi oògùn mú un?

Wọ́n dá a dúró fún oṣù mẹ́fà, òótọ́ ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010, lẹ́yìn eré Shanghai, wọ́n rí oxycodone nínú ìtọ̀ rẹ̀. Eyín ló ń dùn ún, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó wá lo oògùn ìrora tí kóòṣì rẹ̀ fún un láìkọ ọ́ sílẹ̀. Oògùn yẹn kì í mú ẹsẹ̀ yára, kì í sì í bo oògùn mìíràn mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tí wọ́n kà léèwọ̀ lọ́jọ́ ìdíje. Oṣù Kìíní 2011 ló tó padà.

Òfin ibẹ̀ le: ohun tí wọ́n bá rí lára rẹ, ìwọ lo ni ín, ẹni yòówù tó fún ọ. Asáré tí ara rẹ̀ kò yá gbọ́dọ̀ yẹ orúkọ oògùn wò nínú ìwé èèwọ̀ tọdún yẹn, kó sì tọrọ ìwé àṣẹ ìtọ́jú tí oògùn bá wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn asáré ńlá ń kọ ibi tí wọ́n máa wà fún wákàtí kan pàtó lójoojúmọ́ ránṣẹ́, kí àwọn aláyẹ̀wò lè bá wọn láìsọ tẹ́lẹ̀. Kéèyàn pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjìlá, ẹ̀ṣẹ̀ ni, kódà bí ara rẹ̀ mọ́.

Báwo ló ṣe padà lẹ́yìn ìbímọ?

Ní Rio 2016, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kò jẹ́ kó gbára dì bó ṣe yẹ. Ó gba idẹ, 10.86. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 2017 ló bí Zyon, iṣẹ́ abẹ sì ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ẹ ronú ohun tí ìyẹn ṣe sí asáré: iṣan ikùn ló so ìbàdí mọ́ àyà, òun ló ń jẹ́ kí agbára ẹsẹ̀ dé iwájú láìtú dànù. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ abẹ náà gbà kọjá.

Kò sáré dìde. Ní 2018 tó padà, 10.98 ló sá jù lọ, ọ̀pọ̀ sì ti ń sọ pé ó ti tán. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Ìdíje Àgbáyé Doha, ó sá 10.71, ó fi Dina Asher-Smith (10.83) sẹ́yìn, ó sì gbé Zyon yí pápá po pẹ̀lú irun aláwọ̀ mèremère lórí. Láti Gwen Torrence ní 1995, kò sí ìyá ọmọ tó gba wúrà yẹn.

Lẹ́yìn 2020 ló kúrò lọ́dọ̀ Francis lọ bá Reynaldo Walcott. Àyípadà yìí ló yà wá lẹ́nu jù, torí ẹni tó ti ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ kì í sábà fi kóòṣì tó sọ ọ́ dèèyàn sílẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú nọ́ńbà: ní 2022 nìkan, ẹ̀ẹ̀méje ló sá lábẹ́ 10.70, 10.62 ní Monaco wà lára wọn.

Mélòó ni gbogbo àmì ẹ̀yẹ rẹ̀?

Òlíńpíìkì: mẹ́jọ. Wúrà mẹ́ta (100 mítà 2008 àti 2012, rílè Tokyo), fàdákà mẹ́rin, idẹ kan. Ìdíje Àgbáyé: mẹ́tàdínlógún. Wúrà mẹ́wàá, fàdákà mẹ́fà, idẹ kan. Ẹ fi wúrà 60 mítà inú ilé ti Sopot 2014 kún un. Ní Moscow 2013 nìkan, ó kó 100, 200 àti rílè lọ sílé.

Ẹsẹ̀ wo ló máa ń sá nínú rílè?

Ó yàtọ̀ síra. Ní Beijing 2008, òun ló ṣí i. Ní 2013 àti 2015, òun ló parí rẹ̀. Ní Tokyo 2021, ẹsẹ̀ kẹta, tí wọ́n fi 41.02 gba wúrà. Ẹni tó bá mọ búlọ́ọ̀kù lò ni wọ́n máa ń fi ṣí i. Ọwọ́ ọ̀tún lẹni kìíní fi ń di ọ̀pá mú, torí inú kọ́nà ló ń sá mọ́. Ẹnì kejì á fi òsì gbà á, ìkẹta ọ̀tún, ìkẹrin òsì, kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ ọwọ́ lójú eré. Láàárín 30 mítà tí wọ́n fàlà sí ni ọ̀pá gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó ń gbà á kì í wẹ̀yìn. Ó ti lẹ téèpù sílẹ̀, tí ẹni tó ń bọ̀ bá ti tẹ ibẹ̀, ó ti gbéra. Téèpù tó bá jìnnà jù, ọwọ́ ò ní bá ọwọ́. Tó bá sún mọ́ jù, wọ́n á kọlura.

Owó ńkọ́?

Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì kì í san owó fún wúrà. Ní Ìdíje Àgbáyé, wúrà kan jẹ́ dọ́là 60,000 ní Doha, wọ́n sọ ọ́ di 70,000 ní Eugene 2022. Àjọ World Athletics wá bẹ̀rẹ̀ sí í san dọ́là 50,000 fún wúrà Òlíńpíìkì ní Paris 2024, lẹ́yìn tí Shelly-Ann ti gba tirẹ̀ tán láìrí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Owó gidi wà lọ́dọ̀ àwọn oníbàtà àti nínú owó ìpè tí àwọn tó ń ṣètò eré ń san fún olórúkọ ńlá.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Paris, báwo ló sì ṣe parí?

Ní Paris 2024, ó yege ní ìpele àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò jáde fún èyí tó ṣáájú àṣekágbá. Kò fi ibẹ̀ parí rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ní Ìdíje Àgbáyé Tokyo, ó wọ àṣekágbá 100 mítà lọ́mọ ọdún 38, ó ṣe ìkẹfà, 11.03. Melissa Jefferson-Wooden ló gbà á, 10.61, Tina Clayton, ọmọ Jàmáíkà tí kò tí ì sí láyé rárá nígbà tí Shelly-Ann ti ń sá ní Wolmer's, ló gba fàdákà. Ọjọ́ tó kẹ́yìn, òun ló ṣí rílè fún àwọn àbúrò wọ̀nyí. Amẹ́ríkà 41.75, Jàmáíkà 41.79.

Yàtọ̀ sí eré ńkọ́?

Ó dá Pocket Rocket Foundation sílẹ̀ ní 2013, tó ń sanwó iléèwé fún àwọn ọmọ girama tó ń sáré. Ó jẹ́ aṣojú UNICEF ní Jàmáíkà láti 2010, ó sì ṣí ilé ìṣerun. Láti 2018 ni ère rẹ̀ ti wà ní Independence Park, lẹ́bàá pápá tí Champs ti ń wáyé. Ẹ sì lè ti rí fídíò rẹ̀ ti 2023, níbi tó ti bá àwọn ìyá yòókù sáré ní iléèwé ọmọ rẹ̀. Kò fi ojú àánú wo ẹnikẹ́ni nínú wọn.